Póìǹtì Hòtẹ́ẹ̀lì àti Omi Orí Ògì

Èmi kì í fi nǹkan ṣòfò. N kì í ṣe ahun o, ẹnikẹ́ni tó bá ti jẹun nílé mi ní Thamesmead lè jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá fi òógùn ojú mi wá, n kì í jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi lásán. Ìdí nìyẹn tí inú fi bí mi ní àárọ̀ ọjọ́ tí ímeèlì kan wọlé sórí fóònù mi pé gbogbo póìǹtì hòtẹ́ẹ̀lì mi máa kú láìpẹ́, nítorí pé ó ti pẹ́ tí mo ti fọwọ́ kàn wọ́n kẹ́yìn. Mo dúró ní kíṣìnnì, mo ń wo adágún Southmere láti ojú fèrèsé, ife tíì mi sì ń tutù lọ́wọ́ mi. Wọ́n kí mi dáadáa nínú ímeèlì náà, wọ́n pè mí lórúkọ, wọ́n ní àárò mi ń sọ wọ́n. Ẹni tí àárò ẹni ń sọ, ṣé ó máa ń halẹ̀ mọ́ni ni?

Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Àwọn ilé iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ńláńlá máa ń fún ẹni tó bá ń sùn lọ́dọ̀ wọn léraléra ní póìǹtì. Bí èèyàn bá sùn, póìǹtì á wọlé. Bó bá tún sùn, òmíràn á wọlé. Nígbà tó bá pọ̀ tó, a lè fi gba yàrá lọ́fẹ̀ẹ́ ní èyíkéyìí nínú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì wọn, ìbáà jẹ́ ní ìlú òkèèrè. Àmọ́ òfin kan wà níbẹ̀. Bí ẹni tó ni ín kò bá fi kún un, tí kò sì yọ nínú rẹ̀ títí ọjọ́ tí wọ́n dá fi pé, wọ́n á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ ráúráú. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀.

Iṣẹ́ ló kó póìǹtì náà jọ fún mi. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo máa ń lọ káàkiri àwọn ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, mo ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí lórí àga láì dá a lápá, láì sì dá ara wọn lẹ́yìn. Lónìí mo wà ní Hull, lọ́la mo wà ní Carlisle, lọ́túnla mo ti dé Cardiff. Ilé iṣẹ́ mi ló ń sanwó yàrá, èmi ni mo ń sùn nínú rẹ̀, orúkọ mi sì ni póìǹtì ń wọlé sí. Mo mọ iṣẹ́ náà dunjú. Bí mo bá wọ yàrá ìdánilẹ́kọ̀ọ́, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe dúró ti tó láti fi mọ ẹni tí ẹ̀yìn máa dùn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ẹ̀kọ́ náà di ti orí kọ̀ǹpútà. Mo wá ń jókòó sílé, mo ń fi ìrọ̀rí ṣe arúgbó níwájú kámẹ́rà, hòtẹ́ẹ̀lì sì di ọ̀rọ̀ àná. Póìǹtì mi jókòó sójú kan, kò lọ, kò bọ̀.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi ṣe fàájì. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni. Mummy wà ní Ìbàdàn, ohun kan ṣoṣo tó ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni kí òun fi ojú ara òun rí Kábà kí òun tó kú. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá, àwa ọmọ ló ń tọ́. Nígbà tí àwa dàgbà tán, orúnkún rẹ̀ ti kọṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá àwọn ará àdúgbò lọ ṣe Úmúrà, ó dé, ó ní ilé tí wọ́n kó àwọn sí jìnnà, orí òkè ló wà, àti pé kí àwọn tó dé mọ́sáláṣí fún ìrun kan, ẹsẹ̀ àwọn ti wú. Mo ní ká gba kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti aláìlera. Mummy ní kò sẹ́ni tó máa ti òun bí ọmọlanke lọ síwájú Ọlọ́run. Ẹsẹ̀ tí Ó fún òun ni òun máa fi rìn dé ọ̀dọ̀ Rẹ̀. Pẹ̀lú bí mo ṣe ń kọ́ gbogbo Ìlú Ọba bí wọ́n ṣe ń gbé arúgbó tó, n kò rí ti ìyá mi gbé.

Àwọn onípóìǹtì yìí sì ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Mẹ́kà. Ó sún mọ́ mọ́sáláṣí tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ti jáde lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti ń wo àgbàlá níbẹ̀. Bí Mummy bá wà nínú yàrá bẹ́ẹ̀, á lè rìn lọ fúnra rẹ̀, á padà wá na ẹsẹ̀, á tún lọ. Mo ti wò ó, póìǹtì mi tó o. Mo ti sọ fún Mummy pé mo ní yàrá kan fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí, ó sì ti gbàdúrà sí mi lórí títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́. Ó ku kí àyè iṣẹ́ mi àti ìwé ìrìnnà rẹ̀ bára mu. Bí póìǹtì bá kú báyìí, yàrá yẹn lọ nìyẹn, ìyá mi ò sì ní rí Kábà.

Mo ka òfin wọn láti òkè délẹ̀. Ohun tó rọrùn jù lójú mi ni kí n lọ sùn ní ọ̀kan nínú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì wọn, kí ilẹ̀ mọ́, kí n máa bọ̀ nílé. Ọ̀kan wà ní Woolwich, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ó wò mí títí. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ọkọ mi, nǹkan kì í tètè yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ó ní ṣé bẹ́ẹ̀dì ilé ni kò dáa mọ́, àbí nítorí pé òun ń hanrun. Mo ní ó ń hanrun lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó sì ní òun máa fi mọ́tò gbé mi lọ, kó má di pé ìyàwó awakọ̀ bọ́ọ̀sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀sán Sátidé ni. Ó já mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àpótí kékeré mi sílẹ̀, ó sì yára wakọ̀ lọ nítorí pé wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ dúró níbẹ̀. Bí mo ṣe yíjú báyìí, ojú èmi àti Auntie kan nínú àsàlátù wa ní Plumstead ṣe mẹ́rin. Àgbà obìnrin ni, àdúgbò kan náà ni òun àti ìyá mi ti wá ní Ìbàdàn. Ó gbé báàgì ọjà sọ́wọ́ méjèèjì, orí iṣu yọ jáde nínú ọ̀kan. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo kí i. Ó wo àpótí mi, ó wo hòtẹ́ẹ̀lì, ó wo ibi tí mọ́tò ọkọ mi gbà lọ.

"Ṣé kò sí o?" ló bi mí.

"Kò sí nǹkan kan, Auntie. Mo kàn fẹ́ sùn níbí lónìí ni."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan, Ma."

Ó mi orí, ó ní Ọlọ́run á bá wa tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Mo ní àmín. Èmi rò pé iṣu ló wúwo fún un.

Mo sùn dáadáa. Kò sẹ́ni tó hanrun, kò sẹ́ni tó bi mí ibi tí mo kó rìmóòtù sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo jẹ ẹyin wọn, mo jẹ búrẹ́dì wọn, mo sì kó ọṣẹ wẹ́wẹ́ wọn sínú báàgì mi. Kí n tó délé, fóònù mi ti sọ fún mi pé póìǹtì mi ti wọlé, ọjọ́ ikú wọn sì ti sún síwájú. Mo ń yan bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún bí ẹni tó gba ìwé oyè.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé ọ̀rọ̀ náà, hòtẹ́ẹ̀lì, ní ìtumọ̀ kejì. Lójú àwọn ọmọ tí a bí síbí, ibi tí arìnrìn-àjò ń sùn ni hòtẹ́ẹ̀lì. Lójú àwa tí a dàgbà nílé, pàápàá nílé ẹlẹ́sìn, ibi tí wọ́n ti ń mutí ni, tí iná pupa ń tàn, tí àwọn èèyàn ń gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọ̀. Ọmọlúwàbí kì í sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ilé ẹbí ló ń sùn sí. Bí kò bá sí ẹbí, ilé ọ̀rẹ́. Bí kò bá sí ọ̀rẹ́, kó jókòó sílé rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ nípa obìnrin kan pé hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti rí i, wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Èmi ti sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Ìlú Ọba débi tí ìyẹn ti kúrò lọ́kàn mi. Mummy kò sì mọ̀ pé hòtẹ́ẹ̀lì ni, torí "ibi iṣẹ́" ni mo máa ń pè é fún un. Kódà ti Mẹ́kà, yàrá ni mo pè é.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ tí fóònù ọkọ mi dún. Mo wà lókè, mo ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kan lórí kọ̀ǹpútà, nítorí náà ẹnu ọkọ mi ni mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá mi ló ń pè. Kì í pè é. Èmi ló máa ń pè, á sì ní kí n bá òun kí ọkọ wa. Lọ́jọ́ náà, kò tíì kí i tán tó fi ní orí ìkúnlẹ̀ ni òun wà ní pálọ̀ òun. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó wo ojú òun, ọmọdé ló ń ṣe ọmọ òun. Ohunkóhun tó bá ṣe, kó fi jì í, kó sì jẹ́ kó padà wọlé, kó má jẹ̀ẹ́ kó máa sùn káàkiri hòtẹ́ẹ̀lì. Ọkọ mi kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀, orúnkún tí kò dáa yẹn ló sì fi kúnlẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ọkọ mi, ilé tí wọ́n ti kọ́ ọ ló ti wá. Kò lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àgbà lẹ́nu, kò sì lè jẹ́ kí àna rẹ̀ máa kúnlẹ̀ nítorí pé òun fẹ́ gbọ́ àlàyé. Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀ tó máa ń mú kí ẹlẹ́bẹ̀ dìde.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," ló sọ. "Ó ti tán. Mo ti dárí jì í."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti bàjẹ́.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ó ròyìn rẹ̀ fún mi pẹ̀lú ìdùnnú, bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ rere.

"Daddy, kí lẹ dárí jì mí?" ni mo bi í.

"Mi ò mọ̀ o. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa ask question nígbà tí Mummy wà lórí ìkúnlẹ̀?"

Mo pe Mummy lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Inú ń bí mi, ẹni tí inú ń bí kì í sì í to ọ̀rọ̀ dáadáa. Mo ní hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n sọ fún un pé mo sùn, nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe sùn níbẹ̀. Mo ní yàrá Mẹ́kà tí mo sọ fún un yẹn, hòtẹ́ẹ̀lì ni, àti pé bí n kò bá sùn ní ti Woolwich, ti Mẹ́kà máa bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni mo ń bà á jẹ́ sí i. Ó ní ọkọ mi ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún òun pé òun ti dárí jì mí, a kì í sì í dárí ji ẹni tí kò ṣẹ̀. Ó ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, kí n má tún wá fi irọ́ lé e.

"Hòtẹ́ẹ̀lì lo fẹ́ kí n gbà lọ bá Ọlọ́run?" ló wí. "Mi ò lọ mọ́. Àdúrà tí mo bá gbà n'Íbàdàn, Ó ń gbọ́ ọ."

Ó pa fóònù. Ìyá mi kì í pa fóònù mọ́ mi létí. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara, mo sì sunkún díẹ̀ ní kíṣìnnì kí n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bínú.

Mo sọ fún ọkọ mi pé mo ń lọ bá Auntie yẹn, kò sì ní gbàgbé ọjọ́ náà. Ó ní ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ní kó lọ fi òwe rẹ̀ wa bọ́ọ̀sì. Ní ọjọ́ Sunday, mo dúró títí àsàlátù fi parí, mo bá Auntie níbi tó ti ń ká ẹní. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi lọ́tẹ̀ yìí. Ẹnu àìmẹ́nu ló wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mi ò sì ní fi ibì kan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú kò ti Auntie rárá. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní òun kò sọ fún ẹnì kankan; òun kàn ní kí àbúrò òun ní Ìbàdàn máa fi mí sí àdúrà, àbúrò òun sì lọ bá ìyá mi kí wọ́n lè jọ gbà á.

"Àdúrà ni mo ní kí wọ́n ṣe fún ẹ," ló sọ. "Kì í ṣe gossip o."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá ẹni tó ní kí wọ́n gbàdúrà fún mi jà? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu mi korò bí ewúro. Mo wá ṣàlàyé póìǹtì fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní òun náà ní póìǹtì ti ṣúpámákẹ́ẹ̀tì ní Thamesmead Town Centre, kò sì sẹ́ni tó ní kí òun wá sùn síbẹ̀.

Oṣù ń gorí oṣù. Mummy ń gbé fóònù mi, ó ń bi mí léèrè ilé, ó ń bi mí léèrè òtútù, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dárúkọ Mẹ́kà, á ní ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Mo rán àwọn ẹbí sí i, kò gbọ́. Ọkọ mi sọ pé òun máa pè é láti ṣàlàyé. Ó pè é lóòótọ́, wọ́n kí ara wọn títí, wọ́n gbàdúrà fún ara wọn, ó sì pa fóònù láì sọ nǹkan kan. Ó ní ó ṣòro fún òun láti sọ fún àgbà pé ẹ̀bẹ̀ tó fi orúnkún bẹ̀, òfo ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ímeèlì àwọn onípóìǹtì tún dé. Àárò mi tún ń sọ wọ́n. Bí mo bá tún gbé àpótí dé Woolwich, gbogbo Plumstead á gbààwẹ̀ fún mi, ọkọ mi á sì tún dárí jì mí. Mo pe Mummy lórí fídíò ní ọ̀sán ọjọ́ náà. N kò ní ètò kankan, mo kàn fẹ́ rí ojú rẹ̀. Ó gbé fóònù ti ara ògiri lẹ́yìnkùlé, ó jókòó sórí àpótí, ike ògì wà níwájú rẹ̀, ó sì ń rọra da omi orí rẹ̀ nù. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe é nígbà tí mo wà lọ́mọdé náà ló ṣì ń ṣe é, kò jẹ́ kí ẹyọ ògì kan bá omi lọ.

"Mummy, kí ló dé tí ẹ ń da omi yẹn nù?"

Ó wò mí bí ẹni tí òyìnbó ti bà jẹ́ pátápátá. "Ṣé o ti gbàgbé ni? Bí a ò bá pààrọ̀ omi rẹ̀, ó máa bàjẹ́."

"Ṣé ẹ máa mu ún lónìí ni?"

"Mi ò mu ún lónìí. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ mu ún ni mò ń tọ́jú ẹ̀ dè."

"Omi ni mo lọ pààrọ̀ ní Woolwich, Mummy."

Ó dá ọwọ́ dúró. Mo wá sọ ọ́ fún un wẹ́rẹ́, láìbínú. Mo ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń lọ láti ìlú dé ìlú, tí mo ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìtọ́jú àgbà, ògì ni mo ń kó jọ. Mo ní n kò tíì fẹ́ mu ún nítorí pé òun ni mo ń dúró dè. Àwọn tó ni ike sì ní bí n kò bá fọwọ́ kàn án, àwọn máa dà á nù. Mo lọ sùn níbẹ̀ kó má baà bàjẹ́ ni. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bi mí bóyá èmi nìkan ni mo sùn níbẹ̀, mo ní èmi nìkan. Ó bi mí bóyá ọkọ mi mọ̀, mo ní òun ló fi mọ́tò gbé mi lọ.

"Kí ló wá dárí jì ẹ́?"

"Ẹ bi í, Ma."

Ó bi í lóòótọ́. Ọkọ mi wà níbi tí wọ́n ti ń sinmi láàárín iṣẹ́ nígbà tí ìpè náà dé, kò sì sí ibi tó lè sá gbà. Ó ní, "Ti ọjọ́ iwájú ni, Mummy. Mo tọ́jú ẹ̀ dè é ni." Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ó ti gbà o. Ó pè mí padà, ó ní ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ṣé wọ́n ń ta ọtí ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì yẹn? Mo ní wọn kì í tà á ní ti Mẹ́kà, àmọ́ ti Woolwich àti àwọn yòókù ń tà á, èmi kì í kàn án ni. Ó ronú. Ó ní kí n yọ sàráà nínú póìǹtì náà kí òun tó lè fi ẹsẹ̀ òun wọ yàrá rẹ̀. Inú fẹ́ tún bí mi. Báwo ni wọ́n ṣe ń yọ sàráà nínú póìǹtì? Kì í ṣe ìrẹsì tí mo lè bù sínú ọ̀rá kí n pín fún àwọn ará ilé. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tòun, èmi ni mo mọ̀wé.

Mo ṣí fóònù láti fi hàn án pé kò ṣeé ṣe. Ó ṣeé ṣe. Ibì kan wà nísàlẹ̀ pátápátá tí n kò fìgbà kan tẹ̀, tí èèyàn ti lè fún àwọn tó ń wá ibùgbé fún aláìnílé ní díẹ̀ nínú póìǹtì rẹ̀. Mo ní bísímílá, mo bu díẹ̀ fún wọn, mo tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo lọ wo iye tó kù. Ọjọ́ ikú wọn ti sún síwájú fúnra rẹ̀. Àbí òfin kò ti sọ ọ́ ni? Ẹni tó bá fi kún un tàbí tó yọ nínú rẹ̀. Mo kà á láti òkè délẹ̀, ìyọkúrò tí mo mọ̀ ni pé kí n ná an fún ara mi. Gbogbo àpótí tí mo gbé, gbogbo àdúrà tí wọ́n gbà sí mi lórí ní Plumstead, gbogbo ìdáríjì tí ọkọ mi ṣe, sàráà ì bá ti parí rẹ̀ láti inú kíṣìnnì mi. Ẹyin wọn tí mo jẹ ni èrè mi.

Nígbà tí mo sọ fún Mummy pé sàráà ti jẹ́ kí póìǹtì náà pẹ́ sí i, kò yà á lẹ́nu. Ó ní, "Kí lo rò pé sàráà ń ṣe tẹ́lẹ̀?"

A lọ. Èmi gbéra láti London, òun gbéra láti Èkó, a pàdé ní Jídà, ó sì di mọ́ mi títí àwọn tó wà lẹ́yìn wa fi ní ká jọ̀ọ́ ká sún. Nígbà tí a wọ hòtẹ́ẹ̀lì, ó fi ọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó wo inú kọ́bọ́ọ̀dù. Kò rí ọtí kankan. Nígbà tó di ìrun Àsùbáà, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, mo na ọwọ́ sí i, ó sì tì í kúrò. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni pé ẹni tó bá lè dìde fúnra rẹ̀, ẹ má gbé e. Mo rìn lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró lẹ́ẹ̀kan, ó mí, ó tún ń lọ. A kò tíì rìn jìnnà tí àgbàlá fi ṣí sílẹ̀ níwájú wa. A wọ inú mọ́sáláṣí, ó sì rí Kábà. Ó kàn dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó ń sunkún, èmi náà sì ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn tí a padà sí yàrá, ó na ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí, ó ní kí n bá òun tẹ fóònù kí òun lè sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ará àdúgbò. Ó ní òun ti dé, ara òun le, ọmọ òun wà lọ́dọ̀ òun. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n léèrè ibi tí òun wọ̀ sí, kí wọ́n sọ pé hòtẹ́ẹ̀lì ni. Ó tún un sọ kí wọ́n má baà ṣì í gbọ́, ó ní kí wọ́n gbé e dé etí Auntie tó wà ní London.

Ibẹ̀ náà ni mo ti ṣí fóònù wo póìǹtì mi. Ó ti tán tán, ó ku ìwọ̀nba díẹ̀ tí kò tó gba yàrá kankan. Mo sọ fún Mummy pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, mo máa jẹ́ kí èyí tó kù kú ní tirẹ̀. Ó ti di ojú, mo rò pé ó ti sùn.

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo ti parí?" ló wí, kò la ojú. "Pààrọ̀ omi ẹ̀."